Ìbò Márùn-ún fún Ilé Joar

Tí ẹ bá ní kí ará Tallnäs mẹ́wàá sọ ìtàn Torvald Hedkvist fún yín, mẹ́sàn-án nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ àsíà. Ẹni kẹwàá á jẹ́ Yngve, torí Yngve kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù kẹta, yìnyín ṣì bo ilẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ rí i pé àsíà iwájú ilé Torvald wà ní ìdajì òpó. Ní ìlú wa, ohun kan ṣoṣo ni ìyẹn ń wí: èèyàn ti kú nínú ilé náà. Ìyàwó Torvald ti lọ tipẹ́, òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀, nítorí náà gbogbo ayé gbà pé òun ló kú. Kò sẹ́ni tó dúró bi ara rẹ̀ pé ta ló wá fa àsíà ọ̀hún.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, òdòdó mẹ́ta ti wà lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin ilé kejì gbé kéèkì wá, ó gbé e sílẹ̀, ó nu ojú, ó sì lọ. Pásítọ̀ Elsmari wọ aṣọ dúdú, ó gun kẹ̀kẹ́ gba orí yìnyín wá láti bá àwọn ẹbí kẹ́dùn. Ó kan ilẹ̀kùn. Torvald fúnra rẹ̀ ló ṣí i, ife kọfí lọ́wọ́.

"Torvald!" Pásítọ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ṣé ẹ wà láàyè ni?"

"Èmi? Dáadáa ni mo wà. Ẹ wọlé, bàtà yín ti rin."

"Àsíà yẹn ńkọ́? Ta ló kú?"

"Halsten ni." Torvald mi orí. "Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló pa á níbi tó ti ń ṣọdẹ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta péré. Ó dùn mí gan-an."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ọba ni. Inú kọ̀ǹpútà ló wà."

Pásítọ̀ ì bá yí padà kíá, ṣùgbọ́n kéèkì ti wà nílẹ̀, kò sì tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Torvald fi wákàtí kan àtààbọ̀ ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń yan ọba tuntun, ẹni tó ń dìbò àti ohun tí oníkálukú wọn ń fẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni pásítọ̀ ní: ṣé òun lè mú òdòdó kan lọ fún aláìsàn gidi kan nínú ìlú? Torvald ní kó mú méjì, kó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún Halsten.

A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, ọdún méjì la fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń dáàbò bò.

Eré náà kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Joar, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló ni ín. Joar ló máa ń lọ sí ilé ìkàwé ní gbogbo Sátidé láti bá Gunvor olùtọ́jú ìwé àti Yngve ṣe eré àwọn ọba ayé àtijọ́ yìí, oníkálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Nínú oṣù kẹrin ọdún tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, ó gun alùpùpù orí yìnyín sọdá odò. Ìgbà òtútù ti ń parí, omi dídì náà ti fẹ́lẹ́, ó sì fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Torvald wọ yàrá ọmọ náà láti lọ pa kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì. Eré náà ṣì wà lójú rẹ̀, ó dúró síbi tí Joar dá a dúró sí. Ọba onírùngbọ̀n pupa kan jókòó sórí ìtẹ́, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀: Ilé Joar. Ọmọ náà ti fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ìdílé ọba. Torvald jókòó síwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò pa á. Ní Sátidé kẹta, ó fi kọ̀ǹpútà náà sínú àpò búrẹ́dì, ó gbé e lọ sí ilé ìkàwé, ó ní kí wọ́n kọ́ òun.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ rèé. Nínú eré yẹn, ọba kì í kàn fi adé sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìbò ni. Èèyàn márùn-ún ló ń dìbò: ọba fúnra rẹ̀, Gunvor tó jẹ́ ìjòyè ìhà gúúsù, Yngve tó jẹ́ ìjòyè etíkun, àti àwọn méjì tí kọ̀ǹpútà ń darí, ìyẹn bíṣọ́ọ̀bù kan àti ìyáàfin àgbà kan tó ní ilẹ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá ní ìbò mẹ́ta ló máa jọba nígbà tí ọba bá wàjà. Tí ẹni náà kò bá ti ilé Joar wá, ó parí nìyẹn. Adé ti bọ́, orúkọ náà ti kúrò lórí ìtẹ́, eré Torvald sì ti tán.

Fún ọdún mẹ́sàn-án, Torvald kò jẹ́ kó tán. Nínú ilé tirẹ̀, láti ọjọ́ ìsìnkú, kò pe orúkọ ọmọ yẹn rí, kò pè é fún àlejò, kò pè é fún Solveig ọmọbìnrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé. Ilé Joar báyìí, àwọn ọmọ Joar bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ gba adé lọ́wọ́ ilé Joar? Ibẹ̀ nìkan ni ẹnu rẹ̀ ti lè gbé orúkọ náà.

Yngve ni ìyọnu rẹ̀ tó ga jù. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì ni Yngve. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wà ní èbúté, kò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe súìtì. Nínú eré, ó ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Knut, Knut yìí ló sì ń dìbò fún. Torvald rò pé oúnjẹ ló máa yí i lọ́kàn padà. Ó pè é wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, ó ṣí agolo surströmming méjì, ẹja kíkan tí òórùn rẹ̀ ń lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi. Gbogbo àdúgbò ti fèrèsé pa. Yngve jẹ ẹ́, ó fi ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà sí i, ó lá ìka.

"Ṣé o jẹ ẹ́ tán?" Torvald bi í.

"Tán pátápátá. Ó dùn."

"Ìbò wá ńkọ́?"

"Ìbò wo?"

"Yngve! Agolo méjì lo jẹ!"

"O ní kí n wá jẹun. O ò sọ pé ìbò wà nínú ẹja."

"Ṣé o rò pé mo kàn dédé fẹ́ràn ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo tiẹ̀ ti sọ fún ìyàwó mi."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, agolo mẹ́ta ni Torvald ṣí. Yngve jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dìbò fún Knut.

Ti Gunvor yàtọ̀. Gunvor kò fẹ́ ẹja, kò fẹ́ jáàmù, kò fẹ́ ẹran ìgbẹ́. Ó sọ fún Torvald pé owó ìbò òun ni ìwé ìtàn àròsọ kan ní gbogbo oṣù, kó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì wá sọ ohun tó rí níbẹ̀. Torvald, tó fi ogójì ọdún la pákó nílé iṣẹ́ ìlapákó, tí kì í ka ju ìwé ìròyìn àwọn ọdẹ lọ, lọgun bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé òkè. Ṣùgbọ́n ó kà á. Ó máa ń wá jókòó síwájú tábìlì Gunvor, ìwé olójú ewé ẹgbẹ̀ta lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á le koko.

"Ó dáa, sọ ọ́," Gunvor á wí.

"Obìnrin inú ẹ̀ ò gbọ́ràn. Ká ló fetí sí ìyá ẹ̀ lójú ewé ogún ni, gbogbo wa ì bá ti sinmi."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó kú níparí. Ìyẹn ò sì dáa. Mo ti ń fẹ́ràn ẹ̀."

Gunvor sọ fún mi nígbà tó yá pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìbò òun ti wà fún ilé Joar, bóyá Torvald kàwé tàbí kò kà. Ó kàn fẹ́ kí ọkùnrin náà ní ìbànújẹ́ ẹlòmíràn tó lè máa rò díẹ̀, kó lè sinmi lórí tirẹ̀. Mo gbà pé ìṣirò yẹn tọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bíṣọ́ọ̀bù inú kọ̀ǹpútà. Bíṣọ́ọ̀bù náà kórìíra ilé Joar, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Torvald bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi lọ, ó dúró de Pásítọ̀ Elsmari lẹ́yìn ìsìn.

"Pásítọ̀, kí ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù máa ń fẹ́ gan-an?"

"Ìfẹ́ Ọlọ́run ni, Torvald."

"Rárá o, kí ni wọ́n máa ń fẹ́ *gan-an*?"

Pásítọ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. "Òrùlé," ó wí.

Torvald kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan nínú eré, pẹ̀lú òrùlé bàbà. Kò pé oṣù mẹ́ta inú eré, inú bíṣọ́ọ̀bù yọ́, ìbò rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ilé Joar. Ó pe pásítọ̀ wá sí ilé ìkàwé kó wá wo àwòrán rẹ̀. Pásítọ̀ wò ó títí, ó ní, "Ó rẹwà. Tiwa ń jò o." Torvald dá a lóhùn pé, "Tiyín ò ní ìbò." Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àkàbà, ó fi ipá mú Yngve tẹ̀ lé e, àwọn àgbà méjèèjì sì fi ọjọ́ mẹ́rin kan pákó mọ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Tallnäs, wọ́n ń bú ara wọn lókè níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wá ṣe ìdánrawò orin fi ti ilẹ̀kùn.

Ìyáàfin àgbà inú eré ńkọ́? Ọkọ ló fẹ́. Torvald fi ìbátan ọba kan, Sigtrygg, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà, fún un níyàwó, àbí ọkọ ni kí n wí. Ìyáàfin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí ìgbéyàwó parí, Gunvor rí i tí Torvald ṣí fìlà rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. "Sigtrygg," ó wí, "má bínú sí mi. Ìlú ló nílò ẹ." Sigtrygg ò sọ nǹkan kan. Ó ṣì lo ọdún mọ́kànlá nínú ìgbéyàwó yẹn, ìyáàfin náà sì ni ó sin ín.

Ó wá kan ọdún tí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú fẹ́ yan olórí. Torvald àti Yngve ló dije. Torvald ti mọ ìbò í wá débi pé ó gbé bulle, búrẹ́dì dídùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ yí, lọ sí ilé gbogbo ọdẹ, ilé Yngve kò gbẹ́yìn. Àwọn méjèèjì bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí tábìlì ìdáná: ìwọ dìbò fún mi, èmi á dìbò fún ẹ. Wọ́n bọ ọwọ́ lé e. Nígbà tí wọ́n kà á, mẹ́fà sí mẹ́fà ni. Wọ́n ṣẹ́ kèké, ó mú Yngve.

"Torvald," akọ̀wé wí, "ká ní o dìbò fún ara ẹ ni, ìwọ lò bá wọlé."

"Mo ti ṣe àdéhùn."

"Ìwọ náà ńkọ́, Yngve?"

"Èmi náà ti ṣe àdéhùn."

Akọ̀wé ronú sí i. "Ìyẹn ni pé ká ní ẹ ò ṣe àdéhùn kankan, mẹ́fà sí mẹ́fà náà ló máa jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Yngve wí, "ṣùgbọ́n n kì bá tí jẹ bulle."

Ibi tí ẹ̀rín ti ń dáwọ́ dúró ni ọ̀dọ̀ Solveig. Solveig ń ṣe olùkọ́ níbí, ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wà nílé lẹ́bàá odò. Ó kórìíra eré náà tọkàntọkàn. Kò wọ ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé rí, kò wo ojú kọ̀ǹpútà yẹn rí. Lójú tirẹ̀, ikú mú àbúrò rẹ̀ lọ, eré wá mú bàbá rẹ̀ lọ tẹ̀ lé e. Ní Sọ́ńdè kan, ó wọlé tọ bàbá rẹ̀ wá, kò bọ́ bàtà.

"Papa, ọmọ mi pé ọdún méje lánàá. A tan àbẹ́là. A dúró dè yín."

"Ọba ń ṣàìsàn," Torvald wí. "Mi ò lè fi ìbò sílẹ̀."

"Ọba wo? Papa, ọba wo?"

Torvald ń fi ọwọ́ nu tábìlì.

"Ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ fa àsíà sí ìdajì fún wọn. Láti ọjọ́ tí a sin àbúrò mi, ẹ ò pe orúkọ ẹ̀ nínú ilé yìí rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Papa. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ẹ̀ẹ̀kan péré."

Torvald dìde. Ó gbé kẹ́tùlù. "Ṣé o máa mu kọfí?" ó bi í.

Solveig jáde. Lọ́jọ́ kejì, Torvald gbẹ́ ẹṣin igi kan, ó gbé e lọ síwájú ilé wọn, ó dúró lẹ́nu géètì nínú òtútù títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi dé láti ilé ìwé. Ọmọ náà dì mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ rí i láti fèrèsé, kò jáde. Ó ti sọ fún mi pé òun ṣì ń rí géètì yẹn lójú àlá.

Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ikùn Torvald. Nínú eré náà, nǹkan kò dáa. Ọba Emund ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ń wú ikọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú lójú ogun. Ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú ilé Joar ni Ragnhild ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tiro, tó ń kólòlò, tó sì máa ń bínú kíákíá. Torvald fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kú lọ. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn tó wá, bíṣọ́ọ̀bù inú eré kú lójijì. Ọ̀rẹ́ Knut ni bíṣọ́ọ̀bù tuntun. Ìyáàfin ìwọ̀ oòrùn tuntun, tó jogún ti àtijọ́, wà lẹ́yìn Knut bákan náà. Ìbò di méjì fún Ragnhild, mẹ́ta fún Knut. Torvald wo iye yẹn pẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fi í sínú àpò búrẹ́dì, ó ní ó rẹ òun. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Yngve lọ wò ó, ó mú èso àjàrà dání. Torvald ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ kó jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ nìkan ló kù. Kí lo fẹ́?"

"Jẹ́ kí Ragnhild fẹ́ Knut," Yngve wí. "Ìjà tán. Mo ti rò ó."

"Àwọn ọmọ wọn á jẹ́ ti ilé ta?"

"Ti ilé Knut. Ta tún ni?"

"Rárá."

"Torvald, fara balẹ̀..."

"Mo ní rárá. Kí Knut wá máa gbé nílé ìyàwó ẹ̀, kí àwọn ọmọ máa jẹ́ orúkọ tiwa. Bó ṣe máa rí nìyẹn."

"Knut mi? Kó sọ orúkọ bàbá ẹ̀ nù? Kí làwọn èèyàn etíkun á sọ?"

"Kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n!"

Ohùn wọn ti lọ sókè. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó rọra sọ pé àwọn aláìsàn yòókù ń sinmi. Ó ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àánú sì ṣe é. "Ẹ má bínú o," ó wí, "ṣé ẹ ti bi àwọn ọ̀dọ́ náà? Ṣé wọ́n tiẹ̀ fẹ́ràn ara wọn?"

Àwọn àgbà méjèèjì yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìyẹn ò kàn wọ́n!"

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Torvald fi di ẹ̀gbẹ́ mú tìrora-tìrora. Yngve dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ láìyíjú padà.

"Tó o bá ní kí n dìbò fún ẹ torí ibi tó o wà yìí, mo máa ṣe é."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ mi fi ọgbọ́n ara ẹ̀ gba adé yẹn. Tó bá jẹ́ àánú la fi dì í mú, kì í ṣe tiẹ̀ mọ́. Kí ìwọ àti Knut ẹ mú un. Ó sàn bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni Torvald kú, ní òwúrọ̀, Solveig di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sọ nǹkan kan kó tó lọ. Solveig ti rò pé bóyá á pe orúkọ náà. Ó tẹ etí sílẹ̀ títí dé ìparí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ilé náà mọ́. Ó rí kọ̀ǹpútà nínú àpò búrẹ́dì, ó sì fi í sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn rédíò tó ti bàjẹ́, kó lè kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ń da ẹ̀rọ àlòkù sí. Gunvor pè é lórí fóònù. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni gbogbo eré wọn wà, ó wí, kò sì sí níbòmíràn. Ó bẹ̀ ẹ́ fún Sátidé kan péré. Solveig wo àpò búrẹ́dì náà nínú ọkọ̀.

"Wákàtí kan," ó wí. "Lẹ́yìn ẹ̀, mò ń gbé e lọ."

Ó gbé e wá. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ torí ibẹ̀ nìkan ló ṣófo. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀, kò tú bọ́tìnnì kan. Gunvor fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án kí ọjọ́ inú eré lè máa lọ, ibẹ̀ nìkan ni Solveig sì ń wò. Ọba Emund wà lórí ibùsùn, òògùn kò ràn án mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀, ìbò wà níbẹ̀ bí Torvald ṣe fi í sílẹ̀: Knut mẹ́ta, Ragnhild méjì.

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Solveig bèèrè.

"Dúró ná," Yngve wí.

Ó dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó fun imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́.

"Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Èyí kì í ṣe àánú. Mo ti wo Knut. Ọ̀lẹ ni. Ọtí ló ń mu. Ogun méjì ló jà, méjèèjì ló ti sá. Ọmọbìnrin yìí ń tiro, ó ń kólòlò, ó ń bú mọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n kò sá rí. Òun ló yẹ."

"Ìgbà wo lo mọ̀?" Gunvor bi í.

"Ó ti lé lọ́dún méjì."

"Ọdún méjì! Kí ló dé tó ò sọ fún Torvald?"

"Torvald ò béèrè ohun tí mo rò lọ́wọ́ mi rí," Yngve wí. "Ẹja ló ń gbé wá."

Gunvor rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Yngve jókòó, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iye náà yí padà: Ragnhild mẹ́ta, Knut méjì. Ó ní kí Solveig wá tẹ tirẹ̀. Solveig tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kọjá nínú eré, agogo sì dún. Gunvor ló máa ń ka ìkéde jáde ní gbogbo ìgbà tí ọba bá kú. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó kà á sókè nínú ilé ìkàwé tó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Emund ti wàjà. Ragnhild ti ilé Joar ni ọba."

Solveig gbójú sókè. "Kí lẹ pè é?"

"Ragnhild. Ọmọ-ọmọ ọba ni."

"Rárá. Ilé ta?"

Gunvor àti Yngve wo ara wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn pé kò mọ̀.

"Ilé Joar," Gunvor wí jẹ́jẹ́. "Àbúrò ẹ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Nítorí ẹ̀ ni bàbá ẹ ò ṣe jẹ́ kó bọ́. Gbogbo Sátidé ló ń pè é. Gbogbo Sátidé, fún ọdún mẹ́sàn-án. Àárín ẹ̀rín wa ló ti máa ń pè é."

Solveig kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ máa ń wà.

"Ẹ tún un pè," ó wí.

"Joar," Gunvor wí.

Ó yíjú sí Yngve. "Ẹ̀yin náà."

Yngve gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. "Joar."

Solveig mí sínú. Ó ṣí ẹnu, ó pè é fúnra rẹ̀, ní ohùn rara, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọdé tó wà ní yàrá kejì pé kó máa bọ̀ wá jẹun. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.